A Ó Fẹ́ra, À Bá Fẹ́ra

Ṣòkòtò tó ya ní ìdí ló gbé Búrẹ́mọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Mùnírátù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó fẹ̀gbẹ́ wọlé bí akàn, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí aránṣọ."

"Ẹ ṣé o. Ẹ jókòó."

"Mi ò lè jókòó."

"Kí ló dé?"

"Mi ò sì lè yíjú sẹ́yìn."

Mùnírátù rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kúrò lórí máṣínnì. Ọdún 1971 ni, nígbà tí àwọn òyìnbó Ítálì kan ń ṣe títì láti Ìgbó-Ọrà lọ sí Èrúwà. Búrẹ́mọ̀ wà lára àwọn tó ń wa katapílà fún wọn, irin katapílà náà ló sì fa ṣòkòtò rẹ̀ ya. Mùnírátù fún un ní ìró olódòdó kan kó ró o mọ́dìí, ó gba ṣòkòtò, ó rán an. Ó parí rẹ̀, ó ká a, ó nà án sí i. Búrẹ́mọ̀ gbà á, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó jókòó nínú ìró obìnrin, ó ń bá a sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi rọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni bọ́tìnnì ẹ̀wù Búrẹ́mọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Tòní á já, tọ̀la á já. Mùnírátù rí i pé abẹ ni wọ́n fi ń gé òwú náà, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Ó ń gán an padà ni, ó sì ń fi òwú tó rọ̀ gán an, kó lè tètè já.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ máa fi rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ti dé etí àwọn àgbà. Bàbá Sàláúdéènì, bàbá Búrẹ́mọ̀, tó ń dáko ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí lọ́nà Ìdèrè, wá sí Pákò, àdúgbò àwọn Mùnírátù, láti wá tọrọ ọmọ. Ìyá Mùnírátù gbà. Wọ́n ní bí Iléyá bá ti kọjá, àwọn á so yìgì.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, bí kò bá ṣe owú tó wà nínú Mùnírátù. Mùnírátù rẹwà, ọwọ́ rẹ̀ dá lẹ́nu iṣẹ́, àánú rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jowú bí ẹni pé wọ́n fi owú bọ́ ọ dàgbà. Bí obìnrin kan bá gbé aṣọ wá, tí Búrẹ́mọ̀ sì kí i gùn ju bó ṣe yẹ lọ, apá bùbá onítọ̀hún á fún un nígbà tó bá wọ̀ ọ́.

"Òjòwú ò lẹ́ran láyà," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí.

"Màmá, àyà mi tó mi bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá òyìnbó tó wà nídìí iṣẹ́ títì náà fẹ́ràn Búrẹ́mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó pè é, ó ní òun fẹ́ rán an lọ sí Ítálì fún ọdún méjì, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ńlá ṣe. Ohun kan ló wà níbẹ̀: èdè Ítálì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Búrẹ́mọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ èdè náà, kó sì yege nínú ìdánwò tí wọ́n máa ṣe fún un n'Íbàdàn, kó tó lè lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Búrẹ́mọ̀ mọ̀ pé ó gbọ́ èdè náà nínú àwọn ọmọ ìlú. Salome ni orúkọ rẹ̀, ọmọ olùkọ́ ìjọ Kátólíìkì ní Ìsàlẹ̀ Ọba. Ìjọ náà ló rán an lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ítálì, ó sì lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Ó ga, ó tutù, ẹ̀rín rẹ̀ kì í yá, ṣùgbọ́n bó bá dé, gbogbo ojú rẹ̀ ló máa ń mọ́lẹ̀.

"Ṣé ó ti lọ́kọ?" ni Mùnírátù kọ́kọ́ béèrè.

"Mi ò mọ̀."

"Báwo lo ṣe fẹ́ kọ́ èdè lọ́wọ́ obìnrin tí o ò mọ̀ bóyá ó lọ́kọ?"

Búrẹ́mọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó lọ. Nígbà tó dé láti ibi ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀bù ló yà sí, ó sì ń ka nǹkan sórí.

"Amo, ami, ama. Amiamo, amate, amano."

"Kí nìyẹn?"

"Ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

Búrẹ́mọ̀ wo ilẹ̀. "Mo fẹ́ràn. O fẹ́ràn. Ó fẹ́ràn."

Máṣínnì dákẹ́. "Ta ló fẹ́ràn ta?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ẹnikẹ́ni, ìfẹ́ mi. Ẹ̀kọ́ lásán ni."

"Nínú gbogbo ohun tí èèyàn ń ṣe láyé, jíjẹ, mímu, ilẹ̀ gbígbá, ìfẹ́ ló rí kọ́ ọ?"

"Ó ní òun ló rọrùn jù."

"Ó rọrùn! Ó dáa. Mo gbọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Mùnírátù gbé aṣọ tó fẹ́ fi ọwọ́ rán létí, ó tẹ̀lé ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọba. Salome gbé àpótí fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mùnírátù, káàbọ̀. Ṣé ìwọ náà fẹ́ kọ́ ọ ni?"

"Rárá o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Mo kàn wá gba atẹ́gùn ni."

Ó wá gba atẹ́gùn lọ́jọ́ kejì, ó tún wá gbà á lọ́jọ́ kẹta. Ojú rẹ̀ wà lára abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà lẹ́nu Salome. Ohun tí kò sì rò tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀: èdè náà ń wọ̀ ọ́ létí. Ó yé e pé ọ̀rọ̀ ìṣe wọn kò dà bíi tiwa. Tiwa, bó ṣe wà ló máa ń wà. Mo lọ, o lọ, wọ́n lọ. Tiwọn dà bí aṣọ tí wọ́n ní láti yí etí rẹ̀ padà fún ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́: ẹnì kan ní etí tirẹ̀, ẹni púpọ̀ ní etí tiwọn, àná ní tirẹ̀, ọ̀la ní tirẹ̀. Búrẹ́mọ̀ á máa gbé etí àná sórí ọ̀la, Salome á sì máa tún un ṣe pẹ̀lú sùúrù. Sùúrù yẹn gan-an ló ń dun Mùnírátù. Ta ló ń ní sùúrù báyìí fún ọkùnrin ọlọ́kùnrin?

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé orí ọ̀la, Mùnírátù kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ pé èèyàn máa gbé ìyàwó?"

Salome wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Sposerò, n ó gbé e níyàwó. Sposerai, wàá gbé e. Sposerà, yóò gbé e. Sposeremo, a ó gbéyàwó. Bó bá jẹ́ pé èèyàn méjì ló fẹ́ fẹ́ra wọn, wọ́n á ní: ci sposeremo. A ó fẹ́ra wa."

"Ci sposeremo," ni Mùnírátù wí, ó sì kọjú sí Búrẹ́mọ̀. Òun náà wí i. Inú Mùnírátù dùn dé ilé. Ó ń fi ẹsẹ̀ wa máṣínnì, ó ń fi ọ̀rọ̀ náà kọrin.

Iléyá wá ń sún mọ́lé. Aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù dé àjà, pàápàá aṣọ àwọn ìbejì, tí wọn kì í rán ẹyọ kan kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Mùnírátù kò ráyè lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọba mọ́. Búrẹ́mọ̀ nìkan ló ń lọ. Bó bá ti kọjá lọ, Mùnírátù á gbàgbé aṣọ tó ń rán. Ó ń rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lójú ọkàn rẹ̀, ó ń rí àpótí tirẹ̀ tó ṣófo.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, ó parí dàńṣíkí Búrẹ́mọ̀. Ó fẹ́ rí i lára rẹ̀ kíá. Ó dì í sábẹ́ abíyá, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilé Salome. Kò tíì yọ sí wọn tó fi gbọ́ ohùn Salome láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn náà kò dà bí ohùn olùkọ́. Ó rẹlẹ̀, ó sì ń gbọ̀n.

"Se non ci fosse Mùnírátù, ci sposeremmo."

Mùnírátù dúró sẹ́yìn ògiri. Ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó gbọ́ "non," ó sì mọ̀ pé "kò sí" ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ń fi kọrin. A ó fẹ́ra wa. Láìsí Mùnírátù, a ó fẹ́ra wa.

Kò dúró gbọ́ ohun tí Búrẹ́mọ̀ dáhùn. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà tó gbà wá, kò sì mọ bó ṣe dé Pákò. Ó bá ara rẹ̀ nídìí máṣínnì, dàńṣíkí náà ṣì wà lábíyá rẹ̀. Owú ti bò ó lójú. Ó mú abẹ, ó tú gbogbo ọrùn tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe ọ̀nà sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó ẹrù ìdána jọ, ó ní kí ìyá òun kó o lọ fún Bàbá Sàláúdéènì. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí ẹrù náà.

"Ṣé o bi Búrẹ́mọ̀ ni?"

"Kí ni mo fẹ́ bi í, Màmá? Etí mi ni mo fi gbọ́."

"Etí èmi náà ni mo fi gbọ́ nígbà tí wọ́n ní bàbá rẹ fẹ́ gbé ìyàwó kẹta. Mi ò bi í. Owú gbé mi, mo kó ẹrù mi kúrò nílé, mo rò pé kí n tó dé títì, á ti sáré tẹ̀lé mi. Ó sáré tẹ̀lé mi bí?"

Mùnírátù mú ọwọ́ kúrò lára ẹrù náà.

"Irọ́ ni wọ́n pa fún mi, Mùnírátù. Kò fẹ́ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní agídí bíi tèmi. Lọ bi ọkọ rẹ."

Kí ó tó dìde láti lọ, Búrẹ́mọ̀ fúnra rẹ̀ wọlé. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sórí dàńṣíkí tó ya.

"Kí ló ṣe èyí?"

"Ci sposeremo," ni Mùnírátù wí. "Mo gbọ́ o. Mo wà lẹ́yìnkùlé. Ṣé o máa sọ pé kò sọ ọ́?"

Búrẹ́mọ̀ wo ojú rẹ̀. "Ó sọ ọ́."

"Ó sọ ọ́!"

"Ó sọ ọ́. Kí lo gbọ́ tí mo fi dá a lóhùn?"

"Mi ò dúró."

"O ò dúró." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. "O gbọ́ tirẹ̀, o ò dúró gbọ́ tèmi. Bó bá jẹ́ pé bí mo ṣe rí lójú rẹ nìyẹn, mi ò ní ohun kan í sọ."

Ó jáde. Mùnírátù fẹ́ pè é, owú di í lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Bàbá Sàláúdéènì lọ́jọ́ kan náà. Bàbá náà kò fẹ́ ìrìn àjò yẹn tẹ́lẹ̀. Ó ní kí Búrẹ́mọ̀ má dé ilé nọ́ọ̀sì mọ́. "Èdè wo ni ti òyìnbó tó fẹ́ tú ọ̀rọ̀ ìyàwó ká? Kó o kọ́ tàbí kó o má kọ́, oko wà lọ́nà Ìdèrè." Búrẹ́mọ̀ kò janpata. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀ wálé. Ìdánwò Ìbàdàn sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ṣe Iléyá, kò sẹ́ni tó so yìgì kankan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Salome wọ ṣọ́ọ̀bù Mùnírátù nínú aṣọ nọ́ọ̀sì. Mùnírátù kò kí i. Salome bá ara rẹ̀ wá ibi jókòó.

"Mo gbọ́ pé o wà lẹ́yìnkùlé."

"Mo wà níbẹ̀."

"Mi ò wá purọ́ fún ọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọdún mẹ́rin ni mo lò nílùú àjèjì, mo padà wálé, gbogbo ẹlẹgbẹ́ mi ti ń bí ọmọ kẹta. Ọkùnrin kan wá ń jókòó níwájú mi lójoojúmọ́, ó ń fetí sí mi. Ọkàn mi fà sí i, Mùnírátù. Ó bọ́ lẹ́nu mi. Kì bá tí bọ́ lẹ́nu mi bó bá jẹ́ Yorùbá ni. Ojú á tì mí."

Abẹ́rẹ́ gún Mùnírátù lọ́wọ́, kò mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni pé irọ́ ni. Òótọ́ yìí gbóná ju irọ́ lọ.

"Ẹ̀yin wá fẹ́ fẹ́ra yín."

"Rárá. Ohun tí o gbọ́ kọ́ ni mo sọ. O ò sí níbẹ̀ nígbà tí a kọ́ 'ì bá.' Fetí sí i. Sposeremo: m kan. A ó fẹ́ra wa. Ó dájú, ó ń bọ̀." Ó wá fi ètè di ọ̀rọ̀ náà mú díẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀. "Sposeremmo: m méjì. À bá fẹ́ra wa. Ìyẹn ni ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Mo ní bí kò bá sí Mùnírátù, à bá fẹ́ra wa."

Mùnírátù mi orí. Ó wí i lábẹ́ ètè, pẹ̀lú m kan, pẹ̀lú m méjì. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju mímí lọ, òun sì ti fi tú ilé tí kò tíì kọ́ ká.

"Kí ni Búrẹ́mọ̀ wá fi dá yín lóhùn?"

Salome wo ojú ọ̀nà. "Ó ní: Ma Mùnírátù c'è. Ṣùgbọ́n Mùnírátù wà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí mo ti ń bá jà lórí ọ̀rọ̀ ìṣe láti ọjọ́ yìí, kò sì ṣì í."

Ẹkún gbọ̀n Mùnírátù. Ó sunkún ìtìjú, ó sunkún ayọ̀, owú náà sì ṣì wà láàárín méjèèjì.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Ó fi ìborùn nu imú. "Ẹ padà máa kọ́ ọ. Kó má fi tèmi fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n mo máa wà níbẹ̀, àárín yín sì ni mo máa jókòó sí."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Salome rẹ́rìn-ín tó ní ariwo.

Mùnírátù ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ọ̀nà Èrúwà lọ. Ó bá Búrẹ́mọ̀ lórí katapílà nínú eruku pupa. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ náà, ó gbọ́wọ́ sókè. Búrẹ́mọ̀ pa ẹ̀rọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wọ́n.

"Má bínú," ni Mùnírátù wí. "Mi ò dúró. Ó yẹ kí n dúró."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Òun fúnra rẹ̀."

Búrẹ́mọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Eruku bò ó lójú débi pé ipa omi ojú rẹ̀ hàn ketekete. "Mo rò pé mo ti pàdánù rẹ, Mùnírátù mi."

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì sunkún lọ́jọ́ yẹn, àbí?"

"Ó sunkún."

"Ṣé o nù ún lójú?"

"Rárá."

"Ó dáa." Ó wá fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú tirẹ̀ fún un níwájú gbogbo ayé.

Ìyá Mùnírátù ló lọ bá Bàbá Sàláúdéènì, ó bẹ̀ ẹ́ títí bàbá náà fi ní òun kò ní dí ọ̀nà ọmọ. Ẹ̀kọ́ tún bẹ̀rẹ̀, Mùnírátù sì jókòó sí àárín wọn bí ògiri. Búrẹ́mọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó yege. Wọ́n so yìgì fún wọn ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní Pákò, Mùnírátù sì rán ọrùn tuntun sí dàńṣíkí náà. Kò pẹ́ tí Búrẹ́mọ̀ fi lọ. Mùnírátù di ọ̀pá ọkọ̀ mú nígaráàjì títí dírẹ́bà fi bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn tó lọ tán, Mùnírátù kò ṣíwọ́ Ìsàlẹ̀ Ọba. Ká sọ òótọ́, ó kọ́kọ́ ń lọ kó lè mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń kọ lẹ́tà sí Ítálì láìjẹ́ kí òun mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè máa ṣọ́ ẹnì kan lójoojúmọ́ kó má mọ inú rẹ̀. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin, wọ́n jọ ń kọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe Ítálì láti ibi tó dájú dé ibi ìyèméjì àti ibi ìfẹ́-ọkàn. Ní ọdún kejì, Gbénró, olùkọ́ kan láti Èrúwà, gbé Salome níyàwó. Mùnírátù ló rán aṣọ ìgbéyàwó. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà ju ti ìyàwó lọ, gbogbo èèyàn ló sì mọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ tí Búrẹ́mọ̀ máa dé pé. Mùnírátù lọ dúró dè é ní pápá ọkọ̀ òfuurufú n'Íkẹjà pẹ̀lú Bàbá Sàláúdéènì, tó wọ agbádá tó le. Àwọn èrò ń jáde. Ó rí i: ó sanra díẹ̀, ó wọ kóòtù. Mùnírátù fẹ́ sáré pàdé rẹ̀, àfi bí obìnrin òyìnbó kan ṣe yọ lẹ́yìn Búrẹ́mọ̀, tó di apá rẹ̀ mú, tó sì fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́.

Gbogbo owú ọdún méjì gòkè wá lẹ́ẹ̀kan náà. Mùnírátù la èrò kọjá, ó dúró síwájú obìnrin náà, ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Io sono la moglie," ni ó wí. Èmi ni ìyàwó rẹ̀.

Ẹnu ya Búrẹ́mọ̀. Obìnrin náà yí ojú sí Mùnírátù, ibẹ̀ ni Mùnírátù ti rí i pé irun tó wà lábẹ́ ìborùn rẹ̀ funfun báláú, ọwọ́ tó fi di apá Búrẹ́mọ̀ mú sì ń gbọ̀n fún ogbó. Ìyá ọ̀gá wọn ni. Ilé rẹ̀ ni Búrẹ́mọ̀ gbé fún ọdún méjèèjì, màmá náà sì bá a wá wo ọmọ rẹ̀.

Màmá àgbà náà wo ọmọbìnrin yìí láti òkè dé ilẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú.

"Lo so, figlia mia," ni ó wí. "Non parla d'altro."

Mo mọ̀, ọmọ mi. Kì í sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Bàbá Sàláúdéènì ń bi Búrẹ́mọ̀ léèrè ohun tí màmá náà sọ. Gbogbo rẹ̀ ló yé Mùnírátù, láti orí dé ìdí. Ó di ọwọ́ màmá àgbà náà mú, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ tún un sọ.